Nọ́ńbà Ẹsẹ Tí Kò Bára Mu: Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Bójú Tó Ìyàtọ̀ Ìpín Ẹsẹ nínú Bíbélì, àti Ohun Tí Ó Kan Bíbélì Èdè Yorùbá níbẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, títí kan Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, ilé kan ṣoṣo lè ní nọ́ńbà méjì lára ògiri rẹ̀: ti àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, àti tuntun tí wọ́n kọ lé e lórí nígbà tí wọ́n tún òpópónà náà kà. Ẹni tí ó ń gbé ẹrù lọ síbẹ̀ yóò béèrè bóyá nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n sọ fún òun tàbí ti tuntun. Ilé náà kò kúrò níbi tí ó wà, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò sì yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á ni ó di méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ Bíbélì rí. Ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní ẹsẹ 1 nínú Bíbélì kan, kí ó wà ní ẹsẹ 2 nínú òmíràn, kí orí tí ó wà gan-an sì yàtọ̀ nínú ẹ̀kẹta.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni òǹkàwé mú lọ́wọ́, ìyàtọ̀ yìí kò ni í lára. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í to Bíbélì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ó di ìṣòro tí a kò lè fojú fò dá. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá, ọ̀nà tí àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́ Bíbélì ń gbà bójú tó o, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá, kì í ṣe àwọn oníwàásù nìkan, kọbi ara sí i.

Kí ẹ fojú inú wo ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Mafolúkù tàbí ní Òkè-Afá. Ẹni kan ṣí Bíbélì Mímọ́ ti àtijọ́ lórí fóònù rẹ̀. Ẹni kejì, tí ó wá láti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ń ka ìtumọ̀ Louis Segond ti ọdún 1910 ní èdè Faransé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí ó ní ìwé àdúrà tí ó tẹ̀lé nọ́ńbà Látìnì. Olórí ìpàdé ní kí gbogbo wọn ṣí Sáàmù 51, ẹsẹ 10, níbi tí akọrin ti tọrọ ọkàn mímọ́. Ẹni àkọ́kọ́ rí i. Ẹni tí ó ń ka Faransé bá ẹ̀bẹ̀ fún ayọ̀ àti inú dídùn pàdé, nítorí pé ẹsẹ 12 ni ọkàn mímọ́ wà nínú tirẹ̀. Ní ti ẹ̀kẹta, Sáàmù mìíràn pátápátá ni ó ṣí, èyí tí ó ń bá alágbára tí ó ń fi ibi ṣògo wí. Sáàmù 50 ni ó yẹ kí ó ṣí. Kò sí ẹni tí ó ṣe àṣìṣe nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ìpàdé náà parí sí iyàn nípa Bíbélì ta ni ó pé.

Àpẹẹrẹ yìí kò jìnnà sí bí ìgbé ayé ṣe rí ní àgbègbè náà. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí S. B. J. Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, ní ọmọ ìjọ ní ìhà méjèèjì ẹnubodè, Sáàmù sì ni igi lẹ́yìn ọgbà ìsìn rẹ̀ bí ó ti rí nínú àwọn ìjọ Aládùúrà yòókù. Níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà Sáàmù fún ènìyàn bí ìgbà tí oníṣègùn ń júwe ìlò oògùn, kí ènìyàn ṣí nọ́ńbà tí kò tọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ibi tí nọ́ńbà ti wá

Àwọn tí ó kọ Bíbélì kò fi nọ́ńbà sí i. Stephen Langton ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún ìpín orí tí ó tàn kálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Paris kí ó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. Àwọn Júù ti ní àmì ìparí ẹsẹ nínú ìwé Hébérù tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi nọ́ńbà sí i. Ní ti Májẹ̀mú Tuntun, Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, ni ó fi nọ́ńbà ẹsẹ tí à ń lò títí di òní sínú ìtẹ̀jáde rẹ̀ ti ọdún 1551, ó sì tẹ odindi Bíbélì pẹ̀lú nọ́ńbà ní 1553. Ọmọ rẹ̀ sọ pé ìgbà tí bàbá òun ń rìnrìn àjò láti Paris lọ sí Lyon ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá orí ẹṣin ni ó ti ṣe é ni tàbí ilé èrò tí ó ń sùn sí lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá wo àwọn ibi tí ó ti dá gbólóhùn sí méjì lè fara mọ́ ti ẹṣin.

Bíbélì Geneva ti ọdún 1560 gbé ètò náà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì King James ti 1611 sì tẹ̀lé e. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, láti orí Ìwé Róòmù tí ó jáde ní 1850 títí dé odindi Bíbélì ní 1884, ètò King James ni wọ́n bá lọ. Àtúnṣe ti ọdún 1900, tí ó di Bíbélì Mímọ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá mọ̀, kò yà kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Bíbélì Yorùbá àti Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń ṣe rẹ́gí lójú òǹkàwé ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ fi rò pé nọ́ńbà wà lára ìwé mímọ́ fúnra rẹ̀.

Sáàmù ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà wáyé. Èkínní ni nọ́ńbà Sáàmù fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Septuagint, àti Vulgate ti èdè Látìnì tí ó tẹ̀lé e, ka Sáàmù 9 àti 10 ti Hébérù sí ẹyọ kan. Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ńbà wọn fi ọ̀kan dín sí ti Hébérù. Wọ́n tún pa 114 àti 115 pọ̀, wọ́n pín 116 sí méjì, wọ́n sì pín 147 sí méjì, tí ó fi jẹ́ pé 148 sí 150 tún padà bára mu. Sáàmù Olùṣọ́-àgùntàn tí gbogbo ayé mọ̀ sí 23 jẹ́ 22 nínú ètò yìí. 91 di 90. 121 di 120. Ìwé àdúrà Kátólíìkì kan máa ń kọ nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, ọ̀kan nínú àkámọ́, kí ó má baà rú òǹkàwé lójú.

Ọ̀nà kejì ni àkọlé Sáàmù. Ìtẹ̀jáde Hébérù ka àkọlé tí ó gùn mọ́ ẹsẹ. King James àti Bíbélì Yorùbá kò kà á. Nítorí náà ni Sáàmù 51 fi ní ẹsẹ 21 ní Hébérù, tí ó sì ní 19 ní Yorùbá: àkọlé rẹ̀, tí ó dárúkọ wòlíì Nátánì àti ọ̀ràn Bátíṣébà, gba ẹsẹ méjì. Bí ènìyàn bá ka gbogbo ẹsẹ inú ìwé Sáàmù, yóò rí 2,527 ní Hébérù àti 2,461 nínú King James, ìyàtọ̀ 66. Ṣùgbọ́n Sáàmù tí àkọlé rẹ̀ kúrú, tí ó wà nínú ẹsẹ kìíní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e, bíi 23 àti 121, kò yí padà. Sáàmù 91 kò tilẹ̀ ní àkọlé. Ìpè pé kí Ọlọ́run dìde kí ọ̀tá tú ká, tí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn tí ń ṣe àìsùn ní Èkó, wà ní 68:1 ní Yorùbá, ní 68:2 ní Hébérù, àti ní 67:2 nínú Vulgate. Ìlérí pé olódodo yóò gbilẹ̀ bí igi ọ̀pẹ jẹ́ 92:12 ní Yorùbá, 92:13 ní Hébérù, 91:13 ní Látìnì.

Ìwé àwọn wòlíì náà ní tiwọn. Málákì ní orí mẹ́rin nínú Bíbélì Yorùbá, mẹ́ta ní Hébérù. Ìlérí nípa oòrùn òdodo tí ó jẹ́ 4:2 jẹ́ 3:20 níbẹ̀. Jóẹ́lì ní orí mẹ́ta ní Yorùbá, mẹ́rin ní Hébérù. Àsọtẹ́lẹ̀ nípa ìtújáde Ẹ̀mí, èyí tí Pétérù tọ́ka sí ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, jẹ́ 2:28 ní ọ̀kan àti 3:1 ní èkejì. Ẹsẹ Kérésìmesì nípa ọmọ tí a bí fún wa, tí ó jẹ́ Àìsáyà 9:6, jẹ́ 9:5 nínú Bíbélì Jerusalem àti New American Bible tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì ń lò, nítorí pé wọ́n tẹ̀lé Hébérù. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo Bíbélì Kátólíìkì ni ó rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ni ó dúró ṣinṣin ti ètò kan. Louis Segond tẹ̀lé Hébérù nínú kíka àkọlé Sáàmù, ṣùgbọ́n orí mẹ́rin ni ó pín Málákì sí bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ ètò kan ṣoṣo pe Bíbélì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ìyàtọ̀ kéré ní iye, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí ibi tí ó ń dun ènìyàn. Oore-ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tú ìpàdé ká láti Òṣòdì dé Ìlọrin jẹ́ Kọ́ríńtì Kejì 13:14 nínú King James àti Bíbélì Yorùbá. Nínú ìtẹ̀jáde Gíríìkì ti Nestle àti Aland, àti nínú New Revised Standard Version, 13:13 ni, nítorí pé wọ́n pa ẹsẹ 12 àti 13 pọ̀. Ìwé Jòhánù Kẹta ní ẹsẹ 14 níhìn-ín, 15 níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹsẹ tí ó "sọnù" yàtọ̀ sí èyí, ó sì yẹ kí wọ́n máa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mátíù 17:21, tí ó so lílé ẹ̀mí àìmọ́ jáde mọ́ àdúrà àti àwẹ̀, kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tí ó pẹ́ jù lọ. Àwọn ìtumọ̀ òde òní kan fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, nọ́ńbà wọn a sì fò láti 20 sí 22. Bákan náà ni Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 8:37 àti Jòhánù 5:4. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ gan-an ni kò sí, kì í ṣe pé nọ́ńbà rẹ̀ yí padà. Ìkéde a sì máa lọ káàkiri lórí WhatsApp pé àwọn kan ń yọ ẹsẹ kúrò nínú Bíbélì orí fóònù. Ní agbègbè tí àwẹ̀ gbígbà ti jẹ́ ara ìgbàgbọ́ ojoojúmọ́, kò yani lẹ́nu pé Mátíù 17:21 ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣí láti dán Bíbélì tuntun wò. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó kàn fi àyè òfìfo síbẹ̀ láìṣàlàyé ń fún irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ.

Àwọn Mùsùlùmí Òṣòdì pẹ̀lú mọ irú nǹkan yìí nínú Kùránì. Ìkàsẹ Kufa ní ẹsẹ 6,236, ó sì ka Bismilláhì mọ́ ẹsẹ Fátíhà. Ìkàsẹ Mẹ̀dínà kò kà á mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ Kùránì kò dín, kò sì lé.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe

Lójú kọ̀ǹpútà, ẹsẹ kan jẹ́ àkójọ ìwé, orí àti nọ́ńbà. Ètò tí ó rọrùn jù lọ láti kọ ni èyí tí ó gbà pé bí nọ́ńbà bá bára mu, ọ̀rọ̀ bára mu. Ètò bẹ́ẹ̀ yóò fi Sáàmù 51:10 ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ 51:10 ti Faransé láìṣiyèméjì. Ewu rẹ̀ ni pé kò ní fi àmì àṣìṣe kankan hàn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kejì kò ní mọ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ipá mú gbogbo Bíbélì wọ inú ètò kan. Ohun tí SWORD, ètò ọ̀fẹ́ ti ẹgbẹ́ CrossWire, ṣe nìyẹn títí di nǹkan bí ọdún 2009: ètò King James ni gbogbo ìwé inú rẹ̀ ń wọ̀. Ẹsẹ tí kò bá ní àyè níbẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ìdí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò pa Bíbélì Yorùbá ti 1900 lára, nítorí pé King James ni ó bá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ba Bíbélì Jámánì, ti Faransé àti ti Rọ́ṣíà jẹ́. Láti ìgbà ẹ̀dà 1.6 ni SWORD ti gba oríṣiríṣi ètò láàyè, kí ìwé kọ̀ọ̀kan pa nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kẹta nìyẹn, òun ni ó sì gbilẹ̀ lóde òní: ìwé kọ̀ọ̀kan ń lo nọ́ńbà tirẹ̀, àtẹ ìbáramu kan sì wà láàárín wọn. Paratext, irinṣẹ́ àwọn atúmọ̀ Bíbélì tí United Bible Societies àti SIL jọ ń bójú tó, ní ètò mẹ́fà tí ó ti wà nílẹ̀: ti Hébérù àti Gíríìkì ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Septuagint, ti Vulgate, àti méjì ti Rọ́ṣíà, ọ̀kan fún Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún Pùrótẹ́sítáǹtì. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ń kọ iye ẹsẹ tí ó wà nínú orí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó ń to ìbáramu ní ìlà kọ̀ọ̀kan, fún àpẹẹrẹ pé Jẹ́nẹ́sísì 31:55 ti Gẹ̀ẹ́sì ni 32:1 ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àti pé 32:1 sí 32 di 32:2 sí 33. Àkọlé Sáàmù tí kò ní nọ́ńbà ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ 0, kí ó lè ní ojúkò tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Àǹfààní kí ètò kan dúró bí alárinà hàn gbangba. Bí wọ́n bá fẹ́ so ètò mẹ́fà pọ̀ ní méjìméjì, àtẹ 15 ni wọn yóò ṣe. Bí gbogbo wọn bá ń gba ọ̀dọ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kọjá, márùn-ún ti tó. Ṣùgbọ́n alárinà kì í mú ọ̀rọ̀ lọ kí ó má jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Sáàmù 13 ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ẹsẹ mẹ́fà ni ó ní ní Yorùbá, mẹ́fà náà ni ó ní ní Hébérù. Ẹni tí ó bá ka iye ẹsẹ lásán yóò ní kò sí ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, àkọlé ni ẹsẹ 1 ní Hébérù, ẹsẹ 1 sí 4 ti Yorùbá jẹ́ 2 sí 5 níbẹ̀, ẹsẹ 5 àti 6 ti Yorùbá sì jọ wà nínú ẹsẹ 6. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá gbé ẹsẹ 5 ti Yorùbá lọ sí Hébérù, 6 ni yóò dé. Bí ó bá gbé e padà, ẹsẹ méjì ni yóò mú bọ̀. Ètò tí ó dára gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìbáramu lè jẹ́ ọ̀kan sí méjì, tàbí ìdajì ẹsẹ.

Nítorí irú Louis Segond tí ó da ètò pọ̀, àwọn tí ó wà nídìí STEP Bible ní Tyndale House, Cambridge, gba ọ̀nà mìíràn. Àtẹ wọn kò gba orúkọ tí Bíbélì kan pe ètò rẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò. Ó ń béèrè ní ibi kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ẹsẹ báyìí wà? Ṣé òun ni ó parí orí náà? Ṣé ó gùn ju ẹsẹ kejì rẹ̀ lọ? Ìdáhùn ni ó fi ń mọ àṣà tí ìwé náà tẹ̀lé níbẹ̀. Bí ará Ìsọlọ̀ ṣe ń dá ilé mọ̀ nìyẹn: nípa ọ̀dà rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí ó wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe nípa nọ́ńbà.

Ohun tí ó kan àwọn onímọ̀ Yorùbá

Bíbélì wà lára àwọn ìwé Yorùbá tí ó gùn jù lọ tí ó sì ní ìtumọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èdè. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ìtumọ̀-ẹ̀rọ àti àwọn tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ fi máa ń kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ẹsẹ ni wọ́n fi ń so èdè méjì pọ̀. Àkójọ ohùn BibleTTS, tí ó jáde ní 2022 tí Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Hausa, Ewe àti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn, ṣètò ohùn àti ọ̀rọ̀ ní ẹsẹ-ẹsẹ. Níbi tí ohùn àti ìwé bá ti jẹ́ ti ìtumọ̀ kan náà, ewu kò pọ̀. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ so Yorùbá pọ̀ mọ́ èdè tí Bíbélì rẹ̀ tẹ̀lé Hébérù tàbí Vulgate ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra. Bí ó bá fi nọ́ńbà lásán so Sáàmù 51 pọ̀ mọ́ Louis Segond, gbogbo ẹsẹ 19 ti Yorùbá ni yóò ní ẹnìkejì tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹsẹ Faransé méjì yóò sì ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì. Ẹ̀rọ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ èké náà tọkàntọkàn. Tí èsì ìwádìí kò bá wá dára, èdè Yorùbá tàbí àmì ohùn rẹ̀ ni wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Iṣẹ́ àfiwé ìtumọ̀ pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ tí Crowther yàn wé Hébérù, tí ó sì kọ "Jóẹ́lì 3:1" láìsọ ti ìtẹ̀jáde wo, ti rán àwọn tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sí ibi méjì. Ó sàn kí ó kọ nọ́ńbà méjèèjì, ti Yorùbá ṣáájú. Ẹni tí ó bá sì ń kó Bíbélì Yorùbá sínú dátà kò gbọdọ̀ tún nọ́ńbà rẹ̀ kà kí ó lè bá ti èdè mìíràn mu. Kí ó fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ó kọ orúkọ ètò tí ó tẹ̀lé àti ọdún ìtẹ̀jáde síwájú fáìlì, kí ó fi àkọlé Sáàmù pa mọ́ bí ẹsẹ 0, kí àtẹ ìbáramu sì dá dúró lọ́tọ̀. Àkọlé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ olùkójọ dátà ń sọ nù, nítorí pé wọn kò ní nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn ohun èlò orin àti ti olórí akọrin pọ̀ sí, èyí tí ẹni tí ó ń wá bí àwọn atúmọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe wá ọ̀rọ̀ fún orin àti ìlù ní Yorùbá yóò nílò.

Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti mọ irú ètò tí Bíbélì kan tẹ̀lé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí olùwádìí wo Sáàmù 51, bóyá 19 ni ẹsẹ rẹ̀ tàbí 21. Kí ó wo Sáàmù tí olùṣọ́-àgùntàn wà, bóyá 23 tàbí 22. Kí ó wo bóyá Málákì ní orí kẹrin, bóyá Àìsáyà 8 ní ẹsẹ 23, bóyá Kọ́ríńtì Kejì 13 parí sí 13 tàbí 14, bóyá Jòhánù Kẹta dé 15. Sáàmù 13 nìkan ni kò gbọdọ̀ fi iye ẹsẹ rẹ̀ dán an wò.